Ohun Tí Ara Ń Sọ Nígbà Tí A Bá Ń Fi Ìka Lù Ú Nítorí Ìrora Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Èmi kò rò pé ẹnìkan wà nínú ilé yìí ní ìrọ̀lẹ́ òní tí kò mọ ẹni tí ìrora ti di àlejò tí kò fẹ́ lọ nínú ara rẹ̀. Irú ìrora bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, àti ọ̀nà kan tí àwọn ènìyàn ń gbà láti dín in kù, èyí ni pé kí ènìyàn máa fi orí ìka lu ojú, àyà àti ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i lórí fóònù àwọn ọmọ yín. Àwọn tí ń ṣe é a máa bi ara wọn ní ìbéèrè kan, òun ni ó sì mú mi dìde: "Ara mi ń gbọ̀n, omijé ń bọ́ lójú mi, ìrora náà tilẹ̀ le ju ti àná lọ. Ṣé àìsàn náà ni ó ń jáde, tàbí èmi ni mo ń ṣe ara mi ní jàǹbá?"

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ fi ojú inú wò ó ní Dada, ní Òkèlele níhìn-ín ní Ìlọrin, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń mọ ìkòkò. Láti ìgbà ọmọdé rẹ̀ ni ó ti ń tẹ̀ sórí amọ̀, ó sì ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí ẹ̀yìn ń ro ó. Ó ti fi Robb ra á, ó ti lá àgúnmu, wọ́n ti bá a wọ́ ọ, wọ́n sì ti sín gbẹ́rẹ́ sí i. Àwọn oníṣègùn a máa pe ìrora tí ó bá pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ ní ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ìyá yìí ti wọ ẹgbẹ́ náà tipẹ́tipẹ́. Ahunṣọ tí ó jókòó sí ìdí òfì láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àti ọlọ́kadà tí kòtò ojú ọ̀nà kò jẹ́ kí ìbàdí rẹ̀ sinmi.

Ọmọ ìyá yìí ni ó kọ́ ọ ní fífi ìka lu ara. Ọ̀nà náà kò ti pẹ́ láyé. Roger Callahan, ará Amẹ́ríkà kan tí ń ṣe ìtọ́jú ọkàn ní California, ni ó bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní nǹkan bí 1980. Ẹni tí a ń pè ní Gary Craig sì sọ ọ́ di ohun tí ó rọrùn ní àwọn ọdún 1990, ó fún un ní orúkọ tí ayé fi ń pè é ní EFT lónìí. Àwọn ará Ṣáínà tí ń fi abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ gún ara fún ìwòsàn ni wọ́n ti rí àwọn ojú ibi tí a ń lù. Àwọn kan ti bi mí bóyá onígbàgbọ́ lè fi ọwọ́ kan ohun tí ó ti Ṣáínà wá. Èmi kò rí ìṣòro níbẹ̀, nítorí pé tíì tí à ń mu kí a tó lọ sí ìsìn òwúrọ̀ ti Ṣáínà wá pẹ̀lú.

Báyìí ni a ti ń ṣe é. Ẹni náà yóò kọ́kọ́ fi iye kan sí ìrora rẹ̀, láti 0 tí í ṣe àìsí ìrora rárá, títí dé 10 tí í ṣe èyí tí kò ṣeé fara dà. Lẹ́yìn náà yóò fi orí ìka ọwọ́ kan lu ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ kejì nísàlẹ̀ ọmọ-ìka kékeré, yóò máa sọ̀rọ̀ ìrora náà ní gbangba, yóò sì wí pé bí ó tilẹ̀ wà lára òun, òun kò kọ ara òun sílẹ̀. Yóò wá lu ìdí irun òkè ojú, igun ojú, eegun abẹ́ ojú, àárín imú àti ètè, àgbọ̀n, abẹ́ eegun tí ó ti ìdí ọrùn lọ sí èjìká, abẹ́ abíyá àti àtàrí, nǹkan bí ìgbà méje ní ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá parí, yóò mí kanlẹ̀, yóò sì tún iye ìrora náà wò. Kò ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n ìyá wa kò tíì parí ìgbà kejì tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Inú rẹ̀ ń kùn, ọwọ́ rẹ̀ sì móoru. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín. Ẹlẹ́dàá fi ẹ̀ka méjì sínú àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ń darí inú ara: ọ̀kan wà fún ìjà àti eré sísá, èkejì wà fún ìsinmi àti kí oúnjẹ dà. Ara tí ìrora ti há mọ́ fún ọdún mẹ́ta dà bí ọdẹ tí ó gbọ́ ìró nínú igbó, kò sinmi rárá. Nígbà tí ẹ̀ka kejì bá wá gba iṣẹ́, ìfun a tún máa rìn, ẹ̀jẹ̀ a sì tún máa dé orí ìka.

Láìpẹ́ ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yìn-ìn, orí ìka rẹ̀ ń ta á bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí wọn, ojú rẹ̀ sì ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Èyí ṣẹlẹ̀ sí èmi tìkára mi nígbà tí mo dán an wò nítorí ọrùn mi. N kò ní purọ́ fún yín, mo rò pé ohun àrà kan ni ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí mi. Èémí mi ni. Nítorí pé mo ń mí kíákíá, tí mo sì ń mí jinlẹ̀, mo ń tú afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì jáde ju bí ó ti yẹ lọ. Bí èyí bá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹnu àti ìka a máa ta ènìyàn, orí a sì máa fúyẹ́. Mo dẹ́kun, mo mí wọ́ọ́rọ́ láti imú, kò sì pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi lọ. Mo wòye pé ohun kan náà a máa bá àwọn kan nínú àdúrà olóhùn gíga, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àsọyé ti òní.

Ìrora ọwọ́ ara ẹni wà pẹ̀lú. Àwọn kan a máa lu eegun abẹ́ ojú bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, títí yóò fi wú. Kíkàn fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó.

Wàyí o, ohun tí ó ń ba ìyá wa lẹ́rù jù lọ nìyí. Ìrora rẹ̀ wà ní 6 nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìlọ́po méjì, ó di 8. Kí ni ó fà á? Ìdí kan ni pé ó ti pe ìrora náà ní orúkọ, ó sì ti yí gbogbo ojú inú rẹ̀ sí i. Ìrora kì í ṣe ohun tí ó wà nínú ẹran ara nìkan. Ọpọlọ a máa wọn ìròyìn tí ó gbọ́, yálà láti gbé e ga tàbí láti tẹ̀ ẹ́ rì. Ní 1946, Dókítà Henry Beecher ti Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nípa 215 ọmọ ogun tí ọgbẹ́ ńláńlá wà lára wọn. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni kò fẹ́ oògùn ìrora nígbà tí a bi wọ́n. Ọgbẹ́ wọn kò kéré. Ṣùgbọ́n Beecher wòye pé ọgbẹ́ náà túmọ̀ sí pé ogun ti parí fún wọn, wọn yóò sì fi ẹ̀mí wọn dé ilé. Bí ìtumọ̀ rere bá lè tẹ ìrora rì báyìí, ẹ kò ní ṣe kàyéfì pé ìfojúsùn àti ẹ̀rù lè gbé e sókè. Ìdí kejì kò ní ìjìnlẹ̀ kankan nínú: ó ti jókòó sójú kan náà fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti gan.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìrora a kúrò lẹ́yìn, a bọ́ sí èjìká. Níbí ni àwọn ará wa a ti máa kígbe pé ẹ̀mí àìsàn náà ni ó ń sá kiri. Ẹ rántí bí dùndún ti ń rí lóde ìyàwó: níwọ̀n ìgbà tí ìyáàlù bá ń dún, etí kì í gbọ́ gúdúgúdú dáadáa, ṣùgbọ́n bí ìyáàlù bá dákẹ́, gúdúgúdú a wá hàn. Èjìká ìyá yìí ti ń ro ó tẹ́lẹ̀, ìrora ẹ̀yìn ni kò jẹ́ kí ó gbọ́ ọ.

Omijé rẹ̀ ni ó kù. Bí ó ti ń lu àyà rẹ̀, ó rántí ọmọ tí ó sin, ọ̀ràn tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún pípẹ́. Ìbànújẹ́ àti ìrora a máa gba ojú ọ̀nà kan náà nínú ọpọlọ ní ibi púpọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀kan lè rí èkejì tí ó wọlé. Ẹkún náà kò burú. Èyí tí ó burú ni kí a fi í sílẹ̀ ní òun nìkan nínú yàrá, kí fóònù sì máa pàṣẹ fún un pé kí ó tẹ̀síwájú. Kí ó dá ọwọ́ dúró, kí ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí ó wo ohun tí ó wà láyìíká rẹ̀, kí ó sì wá ẹni tí ó lè gbọ́ ọ. Mo gbàgbọ́ pé àwọn ìyá ìjọ wa lè ṣe iṣẹ́ yìí ju bí wọ́n ti ń ṣe é lọ.

Ṣé fífi ìka lu ara wá ń ṣiṣẹ́ nítòótọ́? Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ṣe é ni ó sọ pé ara tu òun. Ìdí kan tí ó ṣeé gbà wà fún un. Ní 1965, Ronald Melzack àti Patrick Wall kọ̀wé pé nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni ohun kan wà bí ẹnu-ọ̀nà, tí ìfọwọ́kàn ara lè dín ìròyìn ìrora tí ń gba ibẹ̀ kọjá kù. Àwọn ìyá mọ èyí kí ìwé tó dé. Ibi tí ọmọ bá fi orúnkún gbá ni wọ́n ń fi ọwọ́ ra. Ṣùgbọ́n nípa àwọn ojú ibi tí wọ́n ní a gbọ́dọ̀ lù, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2003, Wendy Waite àti Mark Holder ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde nípa ẹ̀rù, kì í ṣe nípa ìrora. Àwọn kan lu ojú ibi tí ẹ̀kọ́ náà là sílẹ̀, àwọn kan lu ibòmíràn lára wọn, àwọn kan kò sì lu ara wọn rárá, ọmọlangidi ni wọ́n ń lù. Ẹ̀rù àwọn ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dínkù. Àwọn onífìka-lura dáhùn pé orí ìka tí wọ́n fi lu ọmọlangidi náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ojú ibi wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, mo rò pé èémí, ìsinmi àti sísọ ìrora ẹni jáde láìsí ìtìjú ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Níbí ni mo wá fẹ́ kí ẹ fetí sí mi dáadáa. Àwọn olùkọ́ kan wà lórí fóònù tí wọ́n ń wí pé bí ó bá ti ń dùn ọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ sí i. Àwa Yorùbá sì fẹ́ràn láti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé a ti gbà tipẹ́ pé àgbo tí ó korò ni ó lágbára, àti pé àìsàn a máa jà kí ó tó lọ. Ẹ̀kọ́ yìí lè pa ènìyàn. Yíyán, ẹkún àti ara gbígbọ̀n kò lè jẹ́rìí pé ìwòsàn ti dé, bẹ́ẹ̀ ni ìrora tí ń gòkè kò lè jẹ́rìí sí i. Ẹ̀yìn tí ń ro lè jẹ́ ti iṣẹ́ amọ̀, ó sì lè jẹ́ ti ikọ́ ife tí ó ti wọ eegun ẹ̀yìn, èyí tí Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1779, tí ó sì ń rọ ènìyàn lẹ́sẹ̀ títí di òní bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Oògùn ikọ́ ife jẹ́ ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ̀yìn ríro àgbà ọkùnrin tí ìtọ̀ ń ṣòro fún lè jẹ́ jẹjẹrẹ tí ó ti abẹ́ àpò ìtọ̀ wá. Ìka kò lè lu èyíkéyìí nínú wọn jáde.

Nítorí náà, bí ibà bá wà pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, tàbí òógùn òru, tàbí kí ènìyàn máa rù láìsí ìdí; bí ìrora bá ń jí i lóru tí ìdùbúlẹ̀ kò sì dẹ̀ ẹ́; bí àyà bá ń há a tí ìrora sì ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n; bí ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde bá ní ibà tàbí tí àyà ń dùn ún, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin, tí a dá sílẹ̀ ní 1980, wà lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, àwọn tí ó mọ ọ̀ràn eegun àti iṣan sì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí dókítà bá ti yẹ ìyá wa wò tí kò sì rí ewu, ó lè padà sí ìka rẹ̀ bí ara bá ń tù ú. Kí ó ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó mí wọ́ọ́rọ́, kí ó dìde rìn yí àgbàlá ká, kí ọmọ rẹ̀ sì kọ iye náà sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n lè mọ̀ lẹ́yìn oṣù kan bóyá ó ń dínkù tàbí kò dínkù. Bí iye náà bá ń gòkè fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ó dẹ́kun, kí ó padà lọ bá dókítà. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú, bí ìtọ̀ bá há tàbí tí ó ń dà láìmọ̀, tàbí bí kò bá mọ ìfọwọ́kàn mọ́ ní ibi tí ó fi ń jókòó, kí wọ́n má ṣe dúró de ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Kí wọ́n wá ọkọ̀ ní òru náà.