Kọntírólà Sólà: Bí A Ṣe Mọ̀ Pé "MPPT" Àǹtí Mi Kì í Ṣe MPPT

Ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi wà ní Ọjà Ọba, níbí ní Àkúrẹ́, kò jìnnà sí Ààfin Déjì. Aṣọ ni wọ́n ń tà: ànkárá, léèsì, gèlè. Nínú ṣọ́ọ̀bù tiwọn, òkùnkùn ni kódà lọ́sàn-án gangan, torí páànù ti bo òkè, ṣọ́ọ̀bù sì fún mọ́ra wọn. Ta ló máa sanwó léèsì tí kò rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa? Iná kì í ṣe fàájì fún wọn rárá.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, "I better pass my neighbour", ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fò gẹ̀rẹ̀ kọjá ₦500, àǹtí mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n dá àjọ, wọ́n kó o, wọ́n fi ra sólà: pánẹ́ẹ̀lì tòkunbọ̀ 300 wáàtì kan, bátìrì olómi 12 fólítì 200Ah kan, ínfátà kékeré kan, àti kọntírólà tí wọ́n kọ MPPT gàdàgbà sí lára.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ínfátà á máa ké píì, píì, píì, á sì kú. Oòrùn ṣì ń ràn lóde o! Ẹni tó ta ọjà náà ní bátìrì ló ti bàjẹ́, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Ẹ̀yin náà mọ iye tí bátìrì ń jẹ́ báyìí. Ni wọ́n bá pè mí: "Ìwọ tó ò ń kàwé sáyẹ́ǹsì láti ọdún yìí wá, wá wo nǹkan yìí kí n tó náwó míì."

Mo kọ́kọ́ ṣírò iye iná tí wọ́n ń jẹ lóòjọ́. Fáànù 60 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 480 wáàtì-wákàtí. Gílóòbù mẹ́rin, 9 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí márùn-ún jẹ́ 180. Fóònù àti ẹ̀rọ POS, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sí 60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 720. Tí a bá fi 12 fólítì pín in, ó jẹ́ 60Ah tó ń jáde lára bátìrì lójúmọ́, láìka èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Pánẹ́ẹ̀lì 300 wáàtì tó láti dá ìyẹn padà. Kí ló wá fà á?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí kọntírólà ń ṣe. Àárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì ló ń jókòó sí. Kì í jẹ́ kí iná wọ bátìrì kọjá bó ṣe yẹ, kì í sì í jẹ́ kí iná inú bátìrì padà sínú pánẹ́ẹ̀lì lóru. Oríṣi méjì ló pọ̀ lọ́jà: PWM àti MPPT.

PWM dà bíi swíìṣì tó ń tan, tó ń kú, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá ti tan, ó so pánẹ́ẹ̀lì mọ́ bátìrì tààrà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì àǹtí mi, wọ́n kọ Vmp 32V àti Imp 9.4A. Ìyẹn ni pé tí oòrùn bá mú ganrínganrín, 32 fólítì àti 9.4 áńpíà ló fi ń mú 300 wáàtì jáde. Ṣùgbọ́n bátìrì tó wà ní 13 fólítì máa fa pánẹ́ẹ̀lì yẹn wálẹ̀ sí 13 tirẹ̀. Áńpíà kò sì ní pọ̀ sí i torí ìyẹn. 13 lọ́nà 9.4 jẹ́ nǹkan bíi 122 wáàtì. Èyí tó kù ńkọ́? Ó lọ nìyẹn.

Ẹ rántí kọ̀ndọ́ ọkọ̀ tí kì í ní ṣéńjì. Ẹ fún un ní ₦1,000, owó ọkọ̀ jẹ́ ₦400, ó ní "kò sí ṣéńjì o," ó sì wojú síbòmíràn. PWM nìyẹn. (Àfiwé yìí kò pé tán: kì í ṣe inú kọntírólà ni agbára yẹn ń ṣòfò sí. Ara pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń wà, tó ń di ooru.)

MPPT ní tirẹ̀ ń ṣẹ́ owó. Ó máa jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì dúró síbi tí agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì máa ń wá ibẹ̀ kiri bí oòrùn àti kùrukùru ṣe ń yí padà. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ fólítì púpọ̀ yẹn di fólítì kékeré pẹ̀lú áńpíà púpọ̀. Kò dá agbára kankan o. Fólítì lọ́nà áńpíà tó wọlé àti tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó kàn ń jẹ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kó rọrùn láti mú òpùrọ́. Mo yá mítà tó ń gbá wáyà mú (ẹ rí i pé ó lè ka DC, torí àwọn tó wọ́n kéré kì í kà á), mo gùn orí páànù ní nǹkan bí aago méjìlá, ooru rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Wáyà tó ń bọ̀ láti pánẹ́ẹ̀lì: 8 áńpíà. Wáyà tó ń lọ sí bátìrì: 8 áńpíà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ká ní MPPT tòótọ́ ni, tó ń gba iná lọ́wọ́ pánẹ́ẹ̀lì bíi èyí, ti bátìrì ìbá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A wá ṣí i. Kò sí ìdì wáyà kọ́pà ńlá nínú rẹ̀, èyí tí MPPT fi ń yí fólítì padà. Fífúyẹ́ rẹ̀ gan-an yẹ kó ti fu wá lára.

Nínú ọjọ́ kan tó ní oòrùn tó tó wákàtí mẹ́rin kíkún, 9.4 áńpíà ń kó nǹkan bíi 38Ah wọlé. 60 ló ń jáde. Bátìrì kò kún rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó. Bátìrì olómi kò sì fẹ́ràn ìyẹn rárá: tó bá pẹ́ láìkún, lead sulfate tó ń lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀ á le gbagidi, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Ẹni tó ní bátìrì ti ń bàjẹ́ kò kúkú purọ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kò sọ.

Ṣé gbogbo èèyàn ló nílò MPPT nígbà náà? Rárá o. Tó bá jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì kékeré tí Vmp rẹ̀ jẹ́ 18V lẹ fẹ́ so mọ́ bátìrì 12V, PWM tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó yín ṣòfò. Ooru wa níbí tún ń dín fólítì pánẹ́ẹ̀lì kù, nítorí náà èrè tí MPPT máa mú wá lórí irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Àwọn òyìnbó tó ń gbé inú ọkọ̀ ńlá rìnrìn àjò, tí wọ́n so pánẹ́ẹ̀lì sórí rẹ̀, máa ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹni tó bá wà nínú òtútù Kánádà máa jèrè MPPT ju tiwa lọ.

Ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó béèrè iye kọntírólà. Tí Vmp bá fi púpọ̀ ju fólítì bátìrì lọ, ẹ ra MPPT. Fún iye áńpíà, ẹ fi 13 pín wáàtì pánẹ́ẹ̀lì: 300 jẹ́ 23, nítorí náà ẹ ra 30A. Ẹ tún wo Voc, fólítì pánẹ́ẹ̀lì nígbà tí a kò tíì so ó mọ́ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ 39V, méjì tí a so tẹ̀léra jẹ́ 78, kọntírólà 100V gbà á. Mẹ́ta jẹ́ 117, èéfín nìyẹn. Tó bá jẹ́ bátìrì lítíọ́ọ̀mù lẹ ní, ẹ rí i pé kọntírólà ní ibi tí ẹ ti lè yan lítíọ́ọ̀mù. Bátìrì sì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ kọntírólà, kí ẹ tó so pánẹ́ẹ̀lì.

Àǹtí mi ra òmíràn. Èyí wúwo, páànù irin onílà-onílà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a so ó, 8 áńpíà wọlé, 17 jáde. Wọ́n wo mítà, wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fẹ́ kí n ra bátìrì?" Ó gba bíi ọ̀sẹ̀ méjì kí bátìrì náà tó sọ jí, kò sì padà sí bó ṣe wà tuntun. Àmọ́ fáànù ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn.

Kọntírólà àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mo fi bírò fagi lé MPPT ara rẹ̀, mo so ó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì kan nílé. Ó ń tan gílóòbù mẹ́ta fún mi, kò sì tíì yọ mí lẹ́nu.