Ọdún 28 ni ilé àwọn tó gba ife Áfíríkà lọ́dún 1994 fi wà lójú ọ̀nà! Ẹ̀yin òbí Èjìgbò tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́mọ yín dà bíi Yẹkínì, ẹ wá gbọ́ o

Lálẹ́ ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, ọdún 2024, ẹni tó bá sọ pé gbogbo ilé ní Nàìjíríà ló sunkún, onítọ̀hún ò mọ Èjìgbò ni. Alẹ́ ọjọ́ náà ni Ivory Coast fi àmì ayò méjì sí ẹyọ kan na Super Eagles ní pápá Ebimpé, l'Abidjan, tí wọ́n sì gba ife Áfíríkà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa, ilé mélòó ló wà ní Èjìgbò tí ò lẹ́ni l'Abidjan? Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká, Ìfẹ́-Ọ̀dàn, Ọlá, Ìwàtà, ti ń wọ mọ́tò gba Kútọnu, Lomé àti Àkírà kọjá lọ sọ́hùn-ún. Sẹ́fà kì í ṣe owó àjèjì ní Èjìgbò, Faransé sì ń dún lẹ́nu ọmọdé tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Bàbá lè máa ṣe ti Eagles, kí ọmọ tó bí s'Abidjan máa ṣe ti tọ̀hún, kí wọ́n sì jọ jókòó sí pálọ̀ kan náà. Ó kúkú jọ ọdún Ògìyán, tí Òkè Màpó àti Ìsàlẹ̀ Òṣólò máa ń fi atòrì na ara wọn, tí wọ́n bá ṣe tán, ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ààrẹ Alassane Ouattara fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní àádọ́ta mílíọ̀nù sẹ́fà, ó tún fi ilé kan tí owó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lé e. Àwọn tiwa tí wọ́n nà gan-an ò lọ lọ́wọ́ òfo, nítorí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fún wọn loyè MON, ó ní kí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fúláàtì kan àti ilẹ̀ kan l'Abuja. Ẹ ò ṣáà rí i pé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á wọ òbí tó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá létí! Ìbéèrè tèmi ni pé, nígbà tí ọmọ náà bá pé ọdún 35, tí orúnkún ti ń dùn ún, tí kóòṣì ò pè é mọ́, báwo ni yóò ṣe máa jẹun?

Ìlérí ìjọba fún agbábọ́ọ̀lù nítàn. Lọ́dún 1980, ní pápá Sùúrùlérè, Green Eagles na Algeria ní àmì ayò mẹ́ta sí òdo. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Mùdá Láwàl jẹ ẹyọ kan. Ààrẹ Shehu Shagari fún wọn nílé, ó fún wọn lọ́kọ̀, ó sì fi oyè dá wọn lọ́lá. Nígbà tó di ọdún 1994, Eagles lọ sí Túnísíà, pẹnáritì ni wọ́n fi lé Ivory Coast lọ sílé kí wọ́n tó débi àṣekágbá, Emmanuel Amuneke sì jẹ góòlù méjì tí wọ́n fi na Zambia ní méjì sí ẹyọ kan. Ìjọba Abacha ní òun máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nílé. Ọdún 2022, láyé Ààrẹ Buhari, ni wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún wọn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ìlérí yẹn ti lè di bàbá ọmọ méjì kí ìwé ilé tó jáde! Uche Okafor ti kú lọ́dún 2011. Ràṣídì Yẹkínì ti kú lọ́dún 2012, Thompson Oliha lọ́dún 2013, Stephen Keshi tó jẹ́ ọ̀gá wọn nínú pápá sì kú lọ́dún 2016. Ilé tí wọ́n fún òkú, ta ló fẹ́ sùn síbẹ̀?

Ti Yẹkínì yìí ló máa ń dùn mí jù. Ọmọ Ìrá ni, ní Kwara, lápá Ọ̀ffà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, ọ̀nà àwọn ará Èjìgbò lòun náà gbà, nítorí Africa Sports ti Abidjan ló gbá bọ́ọ̀lù fún láti ọdún 1987 títí di 1990. Keshi náà ti gba ibẹ̀ kọjá ṣáájú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Yẹkínì ti lọ sí Setúbal ní ilẹ̀ Pọtogí, góòlù ń jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún ní oyè agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà, ìyẹn ti ọdún 1993. Góòlù 37 ló jẹ fún orílẹ̀-èdè yìí. Ta ló lè gbàgbé oṣù kẹfà ọdún 1994, l'Amẹ́ríkà, nígbà tó jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa jẹ nínú ife àgbáyé, tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú nẹ́ẹ̀tì Bulgaria, tó ń ké bí ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀?

Ó padà wálé. Ó ti lé lógójì ọdún tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Gateway l'Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ló fara mọ́ Ìbàdàn, ó ń dá gbé, kì í bá èèyàn ṣe púpọ̀ mọ́, ìròyìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pé ara rẹ̀ ò yá, pé ọpọlọ ló ń dà á láàmú. Àwọn mọ̀lẹ́bí gbé e lọ fún ìtọ́jú. Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, ọdún 2012, ó dákẹ́, ẹni ọdún 48 péré, wọ́n sì sin ín sí Ìrá. Bó ṣe kú ni gbogbo aláṣẹ rántí nọ́ńbà ilé rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé owó ló pa á o, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ju ti owó lọ. Ọkùnrin tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀ fún ogún ọdún, tí ariwo náà wá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló yẹ kó máa yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti béèrè pé ṣé ó jí ire?

Àwọn ti 1980 tó rílé gbà náà ò bọ́ níbẹ̀ pátápátá. Mùdá Láwàl, ẹni tó fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù fún IICC Ìbàdàn, kú lọ́dún 1991, kò tíì pé ogójì ọdún. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré Àṣẹ́rò l'Abẹ́òkúta. Best Ogedegbe, aṣọ́lé wọn, kú n'Ìbàdàn lọ́dún 2009 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú. Christian Chukwu tó gba ife náà lọ́wọ́ Shagari ṣàìsàn débi pé Fẹ́mi Ọtẹ́dọlá, oníṣòwò epo, ló sanwó tó fi gba ìtọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2019. Ọdún 2025 ló tó jáde láyé.

Ẹlòmíràn á ní bí ọmọ òun bá ṣáà ti dé Yúróòpù, ó parí. Ẹ jẹ́ n sọ ti Wilfred Agbonavbare. Òun náà wà nínú ẹgbẹ́ 1994, aṣọ́lé Rayo Vallecano ní Sípéènì ni, àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyin ojú. Ìyàwó rẹ̀ ní àrùn jẹjẹrẹ, owó bọ́ọ̀lù bá ìtọ́jú lọ, ìyàwó náà ò sì yè é. Ọkùnrin tó ti kojú Real Madrid wá ń gbé ẹrù àwọn arìnrìn-àjò ní pápákọ̀ òfurufú Madrid! Jẹjẹrẹ ló pa òun náà lọ́dún 2015. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sára ẹnu ọ̀nà kan ní pápá Rayo. Ti Emmanuel Eboué ará Ivory Coast ò jìnnà síyẹn. Arsenal ló gbá bọ́ọ̀lù fún, ó sì gba líìgì pẹ̀lú Galatasaray ní Túkì. Lọ́dún 2017, ó sọ fún ìwé ìròyìn kan ní ìlú Òyìnbó pé lẹ́yìn tí òun àti ìyàwó òun kọ ara wọn, kò sóhun tó kù, nítorí òun ò mọ̀wé tó, òun ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó.

Àmọ́ àwọn kan wà tí ayé wọn dùn lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ẹ sì wo ohun tí wọ́n ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Adokiye Amiesimaka, tí wọ́n jọ gba ife 1980, ti ń kàwé lọ́yà nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì di kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ ní Rivers. Ọdẹ́gbàmí kẹ́kọ̀ọ́ ní Pólì Ìbàdàn, ó ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ ní Wásinmi. Mútíù Adépọ̀jù, ọmọ Ìbàdàn, ṣe ọ̀gá àgbà fún Shooting Stars, ó sì ń ṣojú líìgì Sípéènì nílé wa. Ẹ̀yin ará Abidjan, ẹ mọ Gadji Celi. Ọ̀gá àwọn tó gba ife lọ́dún 1992 ni, ó di olórin, ó tún ṣolórí àjọ tó ń gba ẹ̀tọ́ àwọn olórin. Taribo West di pásítọ̀. Peter Rufai, aṣọ́lé 1994, ní adé gan-an nílẹ̀ tó lè dé, nítorí ọmọ ọba Ìdímù ni (Ìdímù tó wà nítòsí Èjìgbò ti Èkó, kì í ṣe tiwa yìí), ó ní òun ò joyè, ó ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù títí ó fi kú ní 2025. L'Ọ̀ṣun níbí, Táíwò Ògúnjọbí tó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars di akọ̀wé àgbà àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, alága ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ yìí ló sì jẹ́ nígbà tó kú lọ́dún 2020.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá bá yín ní Èjìgbò pé òun fẹ́ mú ọmọ yín lọ s'Abidjan tàbí Yúróòpù, kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ orí. Òfin FIFA ni pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18 ò gbọdọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ fún kílọ́ọ̀bù nílẹ̀ òkèèrè, àfi níbi díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ọ̀kan kàn yín gbọ̀ngbọ̀n: bí òbí bá ń gbé Abidjan nítorí òwò tiẹ̀, tí kì í ṣe torí bọ́ọ̀lù, ọ̀nà wà fún ọmọ. Ẹ tún béèrè ilé-ìwé. Akádẹ́mì ASEC tí Jean-Marc Guillou dá sílẹ̀ l'Abidjan, níbi tí Yaya Touré ti jáde, kíláàsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú pápá. Ìwé wo lẹ ń fọwọ́ sí? Ta ló máa sanwó dókítà bí ẹsẹ̀ bá kán? Bí ajẹ́ńtì bá ní ìyẹn ò kàn yín, mọ́tò Abidjan ò tíì tán nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà dúró de òmíràn.