Géèmù Oníjà àti Rògbòdìyàn Ìlú Jos: Ṣé Ọ̀kan Ló Bí Èkejì?

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn olóṣèlú sábà máa ń fi kan géèmù fídíò, pàápàá èyí tí ìbọn ti ń dún tí ẹ̀jẹ̀ sì ti ń ṣàn lójú amóhùnmáwòrán: pé òun ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjà tí wọ́n ń gbé wá sí ojú títì. Ìlú Jos, tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Plateau, dára láti fi yẹ ẹ̀sùn náà wò, nítorí pé ohun méjèèjì tí ẹ̀sùn náà so pọ̀ ló wà níbẹ̀. Ilé géèmù wà ní àdúgbò, bó ṣe wà ní àwọn ìlú ńlá yòókù ní Nàìjíríà. Ìwà ipá gidi náà sì ti wáyé níbẹ̀ débi pé ìgbìmọ̀ olùwádìí ti jókòó lé e lórí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ọ̀kan ló bí èkejì.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀, ohun méjì ló yẹ ní yíyà sọ́tọ̀. Ìkanra, tí àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ń wádìí jù, ni ìṣesí kéékèèké tí ènìyàn fi ń fẹ́ ni ẹlòmíràn lára, bí ìjágbe mọ́ni, èébú àti títini. Ìwà ipá ní tirẹ̀ ni èyí tó ń dá ọgbẹ́ síni lára tàbí tó ń gbẹ̀mí, irú èyí tí ọlọ́pàá ń torí rẹ̀ múni. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba òbí dá lórí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ti èkejì ni òbí máa ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Kò sí onímọ̀ tó lè kó ọmọ wọ yàrá ìwádìí kó sì ní kó gún ẹnìkejì lọ́bẹ kí òun lè fi díwọ̀n ìwà ipá, nítorí náà ohun tó bá jọ ọ́ ni wọ́n ń wá. Ọ̀nà kan tó gbajúmọ̀ ni ti ata: wọn yóò ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá géèmù tán bu ata fún ẹnìkan tí wọ́n ti sọ fún un pé kò fẹ́ràn ata rárá, wọn yóò sì fi bí ata náà ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe ta tó ka bí inú ẹni tó bù ú ṣe le tó. Ọ̀nà mìíràn ni ti ariwo, nínú èyí tí ẹni tí wọ́n ń dán wò yóò yan bí ariwo tí wọ́n máa gbá sí etí ẹnìkejì rẹ̀ yóò ṣe lágbára tó àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ní ọdún 2014, Malte Elson, onímọ̀ ará Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn olùwádìí ń gbà ṣírò ariwo yìí, àti pé ẹni tó bá yí ọ̀nà ìṣírò padà lè rí èsì mìíràn nínú ìdánwò kan náà.

Síbẹ̀, kò tọ̀nà láti sọ pé àwọn tó ń bẹ̀rù géèmù kò rí nǹkan kan dì mú. Ní ọdún 2018, Anna Prescott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 24 jọ, tó kan ọmọ àti ọ̀dọ́ tó lé ní 17,000, tí wọ́n tún padà yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan tàbí lẹ́yìn ọdún, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ń gbá géèmù oníjà fi díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ nínú kí wọ́n máa bá ènìyàn fa wàhálà. Díẹ̀ náà ló jẹ́. Ní ọdún 2019, Andrew Przybylski ti Yunifásítì Oxford àti Netta Weinstein wádìí ọ̀dọ́ 1,004, ọmọ ọdún 14 àti 15, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òbí tàbí alágbàtọ́ ni wọ́n bi léèrè ìwà ọmọ, ìdíwọ̀n tí àwọn àjọ tó ń díwọ̀n géèmù gbé jáde sì ni wọ́n fi mọ géèmù tó ní ìjà nínú, wọn kò sì rí ohun tó so méjèèjì pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tí ó ti fi ohùn líle sọ̀rọ̀ lórí géèmù ní ọdún 2015, tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ní oṣù Kẹta ọdún 2020: ó ní géèmù oníjà lè mú kí ọmọ máa jágbe tàbí kó máa ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tó láti dì í mọ́ ìwà ipá, àti pé ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń mú ojú ìlú kúrò lára ohun tó ń fà á gan-an.

Ìwádìí kan tó jẹ mọ́ ohun tí ojú ń rí ní ilé géèmù jù lọ wá láti Kánádà. Ní ọdún 2011, Paul Adachi àti Teena Willoughby fi géèmù mẹ́rin wé ara wọn: méjì tó ní ìjà àti méjì tí kò ní, tí ìdíje sì gbóná nínú ọ̀kan lára oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ata ni wọ́n fi díwọ̀n. Àwọn tó gbá géèmù ìdíje ni wọ́n bu ata tó pọ̀, ìbáà jẹ́ Mortal Kombat, níbi tí wọ́n ti ń lu ara wọn, ìbáà jẹ́ Fuel, tó jẹ́ eré sísá ọkọ̀ lásán; ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ nìkan kò fi nǹkan kan kún un. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé géèmù rí kò ní jiyàn èyí. Jẹnẹrétọ̀ ń dún níta, ọmọkùnrin méjì di pádì mú, àwọn mẹ́fà dúró sẹ́yìn wọn tí wọ́n ń dúró de ipò, ẹni tí wọ́n bá nà ló sì máa sanwó. Géèmù bọ́ọ̀lù ló wà lójú amóhùnmáwòrán, kò sì sí ìbọn kankan nínú rẹ̀. Bí góòlù bá wọlé ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, tàbí tí iná lọ nígbà tí ẹnìkan ń na ẹnìkejì lọ, ariwo tó máa sọ níbẹ̀ ju ti géèmù oníbọn lọ. Wọn yóò bú ara wọn, wọn yóò já pádì gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú wọn á tún jọ rìn lọ sílé.

Rògbòdìyàn Jos kì í ṣe irú ìyẹn. Ní ọdún 1945, nígbà tí iṣẹ́ kùsà ṣì ń pe ènìyàn wá sí Jos láti ibi gbogbo, tó fi mọ́ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn Haúsá àti Ìgbò ti bá ara wọn jà níbẹ̀. Pong, géèmù fídíò tó kọ́kọ́ lókìkí káàkiri ayé, kò jáde títí di ọdún 1972. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, obìnrin kan fẹ́ gba ọ̀nà tí wọ́n dí nítorí ìrun Jímọ̀ ní àdúgbò Congo-Russia, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọjọ́ mẹ́fà fi máa kọjá, àjọ Human Rights Watch fojú bù ú pé òkú lè tó 1,000. Obìnrin yẹn kọ́ ló gbé igi ìdáná kalẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ti ń jà lórí ẹni tí wọ́n yàn láti darí ètò ìmúkúrò òṣì ní ìjọba ìbílẹ̀ Jos North, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Lábẹ́ ìyẹn sì ni ìbéèrè nípa ta ni ọmọ onílẹ̀ wà, láàárín Berom, Afizere àti Anaguta ní apá kan, àti Haúsá tí wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ ní apá kejì. Ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ ló ń ṣí ọ̀nà iṣẹ́ ìjọba àti àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹni tí wọn kò fún kì í gbàgbé. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ yẹn kan náà ni ìlú tún torí rẹ̀ dàrú ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2008, tí wọ́n fi ní kí Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, adájọ́ ọmọ Ẹ̀gbá, wá ṣe alága ìgbìmọ̀ olùwádìí, bí adájọ́ Niki Tobi ti ṣe alága ti ọdún 2001.

Tí ẹ̀rọ kan bá tilẹ̀ lẹ́bi ní Jos, fóònù ni. Nígbà rògbòdìyàn ọdún 2010, àtẹ̀jíṣẹ́ ń fò láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó ń sọ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pé èkejì ti fẹ́ kọlù ú, pé oúnjẹ ọjà ti ní májèlé, kí wọ́n múra sílẹ̀.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan géèmù kò yàtọ̀ lókè òkun. Lẹ́yìn ìpànìyàn El Paso àti Dayton ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Ààrẹ Donald Trump ka géèmù mọ́ ohun tó ń fà á, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ará Jàpáànì àti Gúúsù Kòréà, tí owó ńlá ń bá géèmù lọ lọ́dọ̀ wọn, kì í sábà yìnbọn pa ara wọn. Ìbọn tó rọrùn rà ni Amẹ́ríkà ní tí àwọn yẹn kò ní.

Èyí kò sọ pé gbogbo géèmù ló yẹ ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò ní ohun tó ń wá nídìí eré tí wọ́n ti ń fi ìyà jẹ ènìyàn kí ó tó jẹ́wọ́, pàápàá ọmọ tó ti rí òkú gidi ní àdúgbò rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọjọ́ orí tó tọ́ sára páálí géèmù, ṣùgbọ́n ní ilé géèmù, ọlọ́jà nìkan ló ń rí páálí. Kí òbí béèrè ọjọ́ orí náà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ti Grand Theft Auto V, irú eré bẹ́ẹ̀ kan, nọ́ńbà tó wà níwájú páálí rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù ni 18.