Eré Tí Kì Í Ṣe Àwàdà: Ìfidánrawò Àjálù fún Àwọn Oníṣègùn

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ oníṣègùn. Ìdí rẹ̀ ni pé eré oníṣe gan-an ni ọ̀nà tí a fi ń kọ́ àwọn dókítà láti kojú àjálù. Ó ní ìtàn, ó ní òṣèré, ó sì ní ibùdó ìṣeré.

Kí ni à ń pè ní àjálù nínú iṣẹ́ ìṣègùn? Òun ni ìgbà tí àwọn tí ó fara pa bá pọ̀ ju ọwọ́, oògùn àti ibùsùn tí ó wà nílẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ epo bá gbiná ní òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta, tàbí tí ilé iṣẹ́ kan bá bú gbàù ní Ọ̀tà, ilé ìwòsàn kékeré lè rí ogójì ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni a ó kọ́kọ́ dá lóhùn?

Ìbéèrè yìí ni ìfidánrawò wà fún. A ó kó ènìyàn jọ, a ó fi aró pupa kùn wọ́n bí ẹ̀jẹ̀, a ó sì fún olúkúlùkù ní káàdì tí ó sọ irú ọgbẹ́ tí ó ní. Dókítà yóò máa fi àmì sí wọn lára: pupa fún ẹni tí yóò kú bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọ̀ ìyeyè fún ẹni tí ó lè dúró díẹ̀, àwọ̀ ewé fún ẹni tí ó lè rìn, dúdú fún ẹni tí ó ti kú tàbí tí ẹ̀pa kò bóró fún mọ́. Nínú ìlànà kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Newport Beach, ní Amẹ́ríkà, ní 1983, pupa ni ti ẹni tí ó bá ń mí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹni tí ó ní èémí ni ó ń ké. Ẹni tí ó dákẹ́ lè jẹ́ ẹni tí ó ń lọ. Àánú yóò fa dókítà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń ké. Ẹ̀kọ́ ni yóò mú un kọjá rẹ̀. Ìwé lè ṣàlàyé èyí, ṣùgbọ́n àfi kí ènìyàn ṣe é léraléra kí ó tó mọ́ ọn lára.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2005, ọkọ̀ òfurufú Bellview já ní Lísà, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Gbogbo àwọn 117 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Ìròyìn àkọ́kọ́ sọ pé ìtòsí Kíṣí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni ó já sí. Kò sí ẹni tí dókítà ìbá gbà là ní Lísà; ṣùgbọ́n ká ní ẹnìkan ṣì ń mí níbẹ̀, ìṣìnà ìròyìn náà ìbá ti tó láti pa á. Nítorí náà, dókítà nìkan kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣe eré yìí. Ọlọ́pàá, panápaná àti awakọ̀ aláìsàn gbọ́dọ̀ bá a ṣe é. Ìlànà àjọ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé ni pé kí pápákọ̀ òfurufú ṣe ìfidánrawò kíkún, ó pẹ́ tán, ní ọdún méjì-méjì. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn tí ó wà láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ìjíròrò tí ó tẹ̀ lé eré ni ó ṣe pàtàkì jù. Ta ni ó pe ta? Níbo ni ọkọ̀ há sí? Ẹni tí ó “kú” nínú eré yóò dìde, yóò sì sọ iye ìgbà tí wọ́n kọjá lórí rẹ̀. Òkú tòótọ́ kò lè jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Bí ilé ìwòsàn bá wá òṣèré wá sí àdúgbò yìí lọ́la, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa jáde lọ dùbúlẹ̀ fún un.