Ìkòkò Tó Là, Ọtí Tó Bàjẹ́: Àlàyé lórí Ohun Èlò Ọtí Pípọn nínú Ilé

Ìfáárà

Ọtí pípọn kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Kí ọtí inú ìgò tó dé ni àwọn obìnrin ti ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn ọtí ọkà, tí wọ́n sì ń ti ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n rí àgàdàgídí. Ní Èkó, ọtí ilé iṣẹ́ wá bá ti inú ilé nígbà tí Nigerian Breweries, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìgànmú lẹ́bàá Súrùlérè, gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1949. Ilé iṣẹ́ ńlá ní ẹ̀rọ tí ń fi omi gbígbóná àti kẹ́míkà fọ ìgò, ó sì ní yàrá àyẹ̀wò. Ẹni tó ń pọn ọtí nínú ilé ìdáná ní Yábàá tàbí Múṣin kò ní ju iná, omi, ọṣẹ àti ojú ara rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ohun èlò tó fọ́ àti ọtí tó bàjẹ́ fi máa ń dà bí ọ̀ràn méjì lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà.

Ibi tí ewu ti ń bẹ̀rẹ̀

Apọntí a rẹ ọkà sínú omi, a dà á síbi tí yóò ti hù, a sá a kó gbẹ, a lọ̀ ọ́, a sè é, a sẹ́ ẹ, a sì jẹ́ kó tutù kó tó máa hó fúnra rẹ̀. Ohun tó ń mú un hó ni ìwúkàrà. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ ọ̀rọ̀ yìí. Yíìsì ni àwọn oníbúrẹ́dì ń pè é, kò sì sí ohun tó burú bí olùkọ́ bá lo méjèèjì nínú kíláàsì. Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ nípa ọtí bíà ní ọdún 1876 pé àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn tó bá ìwúkàrà wọlé ló ń ba ọtí jẹ́.

Nígbà tí ọtí ń hó lórí iná, iná ti pa èyí tó pọ̀ jù lọ nínú kòkòrò inú rẹ̀. Ìgbà tó bá tutù ni ilẹ̀kùn ṣí. Nítorí náà, ìdọ̀tí ara igi ìrokà tí wọ́n lò ṣáájú sísè kò le tó ti ajọ̀, àrọ, igbá ìbùọtí tàbí rọ́bà tí ọtí tútù gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ apọntí ló ń fi gbogbo agbára fọ ìkòkò ìsebẹ̀ tí iná yóò fọ̀ fún wọn, tí wọ́n á sì fi omi lásán ṣan àrọ.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbi ọ̀rọ̀ kíkan. Ẹni tó bá ti ṣe ògì rí mọ̀ pé omidùn ń kan láìjẹ́ pé ó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọtí ọkà àti bùrùkútù: kíkan wọn wà lára adùn wọn, àwọn kòkòrò tó ń mú ògì kan ló sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pọn ọtí bíà bíi ti inú ìgò kò fẹ́ kíkan rárá. Òórùn ọtí kíkan líle tí ń ta sí imú yàtọ̀ sí méjèèjì. Èyí fi hàn pé afẹ́fẹ́ ti ráyè wọlé, ọtí sì ti ń di fínígà. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tún sè kó padà sí ipò.

Ojú ìlà ni ìdọ̀tí ń gbé

Yorùbá mọ bí a ti ń rán igbá tó bá là, igbá tí wọ́n rán sì lè bu omi fún ọdún mélòó kan. Ọgbọ́n yìí dára fún omi, kò dára fún ọtí. Ojú ìlà igbá tàbí ìkòkò amọ̀ máa ń gba omi ọkà dídùn mọ́ra. Ọṣẹ kì í dé ibẹ̀, kànìnkànìn kì í dé ibẹ̀, kòkòrò sì ń rí oúnjẹ àti ibùgbé. Bákan náà ni kẹ́ẹ̀gì àti korobá oníke tí wọ́n fi kànìnkànìn onírin há. Ojú kò rí ìlà wọ̀nyẹn dáadáa, ṣùgbọ́n ọtí rí wọn. Bí ọtí ẹ̀ẹ̀mejì bá bàjẹ́ tẹ̀léra nínú ohun èlò kan náà, tí ti àwọn mìíràn kò bàjẹ́, ohun èlò náà ni kí a fura sí, kì í ṣe ọkà tàbí ayé.

Fífọ̀ yàtọ̀ sí pípa kòkòrò. Ọṣẹ ló ń mú ẹ̀gbin kúrò, Jik tàbí Hypo ló ń pa kòkòrò, ekejì kò sì lè ṣiṣẹ́ bí àkọ́kọ́ kò bá parí. Síbí ìjẹun kan nínú omi líta 4 tó fún ìṣẹ́jú 20, kí a wá fi omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù ṣan án, pàápàá bó bá jẹ́ pé lọ́dọ̀ mẹ́ruwà ni omi ti wá. A kò gbọ́dọ̀ pa á pọ̀ mọ́ fínígà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́, nítorí èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde lè pa ènìyàn lára.

Ooru Èkó náà ń ran ìbàjẹ́ lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe bíà fẹ́ràn ìwọ̀n ooru 18 sí 22, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán Èkó sábà máa ń ju 30 lọ. Gbígbé ìkòkò sínú ọpọ́n omi, kí a sì fi aṣọ tútù wé e, ń ṣe ìrànwọ́ díẹ̀, àní nígbà tí iná mànàmáná kò bá sí.

Bí ohun èlò bá fọ́

Ti dígí ló le jù. Bí ṣágo bá sán, tàbí tí ọ̀pá ìwọnooru onídígí bá fọ́ sínú ọtí, dídà ni. Fífi ajọ̀ sẹ́ ẹ kò tó, torí pé èérún dígí mìíràn kéré ju ojú ajọ̀ lọ. Òfò yìí ń dunni, pàápàá fún ẹni tó ti ra ọkà ní Ọjà Ojúwòyè tó sì ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n ọ̀fun oníbàárà ni dígí ń lọ. Ìgò tó ń bẹ́ gbàmù ní tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ajé tàbí àjẹ́: wọ́n dé e mọ́ ọtí tí kò tíì hó tán ni, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò sì rí ọ̀nà jáde. Ìgò ọtí líle tàbí ti oyin kò nípọn tó láti gba irú agbára bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti bẹ́, aṣọ nípọn ni kí a kọ́kọ́ dà bo ìyókù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ohun tí iná kò lè wẹ̀

Àwọn ìdọ̀tí kan wà tí sísè kò ràn. Ọkà tó bu nígbà tí wọ́n ń mú un hù lè ní oró tí ewú fi sílẹ̀. Iná ń pa ewú, kì í pa oró rẹ̀. Garawa onísíńkì náà kò yẹ fún ọtí, nítorí kíkan inú ọtí ń yọ síńkì náà sínú ohun mímu, ó sì ń mú ni bì.

Èyí tó burú jù ni kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé kẹ́míkà rí, tí wọ́n sì ń tà lọ́jà bí ohun òfìfo. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àìsàn tó ń fọ́ ojú tó sì ń pani bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Methanol inú ògógóró ni àyẹ̀wò tọ́ka sí. Ní ọdún kan náà, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de ògógóró. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí ọkà kò dà bí ògógóró, nítorí wọn kì í gba inú ọ̀pá ìsebọ́ kọjá; híhó lásán kò lè mú methanol inú wọn pọ̀ débi tí yóò fi pani. Ṣùgbọ́n ike ń fa ohun tó bá gbé mọ́ra, kò sì sí ọṣẹ tó lè sọ fún apọntí ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá mọ orírun rẹ̀ nìkan ni kó lò, bóyá èyí tó gbé òróró ìsebẹ̀ tàbí omi.

Ọ̀pọ̀ apọntí ló ń ju ohun èlò tó là sí ẹ̀yìnkùlé, tí ẹlòmíràn á sì mú un. Ní Múṣin, ohun tí a bá jù sílẹ̀ kì í pẹ́ kó tó rí olówó mìíràn. Kí a dá ihò ńlá sí ìdí kẹ́ẹ̀gì náà kó tó kúrò nílé. Ó ṣì lè gbé òdòdó tàbí ẹ̀fọ́ tútù.