Ọmọ Tí Ń Tú Rédíò: Bí Ó Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Iná Láìfarapa

Kò sí àdúgbò tí a kì í ti í rí irú ọmọ yìí: ọmọ tí kì í rí rédíò tí ó bàjẹ́ kí ó má tú u. Àwọn kan ń pè é ní abanǹkanjẹ́, wọ́n sì ń nà án. Ṣùgbọ́n nínà kì í mú un jáwọ́. Ẹ̀yìnkùlé tàbí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ó ń gbé iṣẹ́ náà lọ, níbi tí ojú àgbà kò tó. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ní ṣókí bí ọmọ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ojútáyé.

Òfin àkọ́kọ́: Má fi iná ilé ṣeré

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Iná tí ó ń ti ara ògiri wá ní Nàìjíríà jẹ́ volt 230; ó lè pa ènìyàn. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan jẹ́ volt 1.5 péré. Bí a bá to méjì pọ̀, ó di volt 3, èyí kò lè gbé ọmọ. Nítorí náà, bátìrì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Má ṣe tú tẹlifíṣàn, bí wọ́n tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára iná, nítorí àwọn ẹ̀yà kan wà nínú rẹ̀ tí ń pa iná mọ́ sínú. Má sì ṣe lo ògbólógbòó bátìrì fóònù. Bí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá kanra, tàbí tí nǹkan bá gún un, ó lè gbiná.

Báwo ni iná ṣe ń rìn?

Iná dà bí ìránṣẹ́ tí kì í jáde nílé àfi bí ó bá rí ọ̀nà tí yóò gbà padà. A ń sọ pé ó ń jáde láti orí bátìrì, níbi tí a kọ + sí, ó ń gba inú wáyà lọ sínú gílóòbù, ó sì ń padà sí ìdí bátìrì. Bí ọ̀nà yìí bá gé níbikíbi, iṣẹ́ dúró. Súwíìṣì kò ju ohun tí ń gé ọ̀nà náà tí ó sì ń so ó pọ̀ lọ.

Iṣẹ́ kìíní

Mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì 2, wáyà 2 tí a ti bó lẹ́nu, àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì volt 2.5. To bátìrì léra, kí orí ọ̀kan kan ìdí èkejì. Fi wáyà kan so ìdí bátìrì mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ gílóòbù. Fi èkejì so orí bátìrì mọ́ ìdí gílóòbù. Yóò tàn. Yọ wáyà kan, yóò kú. Ṣùgbọ́n má ṣe fi wáyà so orí bátìrì mọ́ ìdí rẹ̀ láìsí gílóòbù láàárín: wáyà náà yóò gbóná, bátìrì yóò sì bàjẹ́.

Iṣẹ́ kejì

LED ni iná kékeré pupa tí a ń rí lára rédíò àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó gùn ni ó gbọ́dọ̀ kọjú sí +. Bí a bá yí i padà, kò ní tàn. Bí a bá so ó mọ́ bátìrì volt 9 láìsí rẹsísítọ̀, èyí tí ń dín iná kù, yóò jó.

Rẹsísítọ̀ wo ni kí á lò? Ní ọdún 1827, Georg Ohm, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí ìṣirò tí a ń lò títí di òní: bí a bá fi ampere pín volt, ohm ni a óò rí. LED pupa ń gba bíi volt 2 nínú 9, ó ku 7. A kò fẹ́ kí iná tí ń kọjá ju ampere 0.02 lọ. Bí a bá fi 0.02 pín 7, ó jẹ́ 350. Rẹsísítọ̀ wa kò gbọdọ̀ dín sí 350 ohm nìyẹn. Ti 470 ohm wọ́pọ̀ lọ́jà, ó sì dára. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n: ìyeyè dúró fún 4, àlùkò dúró fún 7, búráùn sì dúró fún òdo kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ èyíkéyìí ni o lè so mọ́ +, kí èkejì wá kan ẹsẹ̀ gígùn LED. Ẹsẹ̀ kúkurú LED ni kí o so padà mọ́ ìdí bátìrì.

Bí kò bá tàn, má bínú. Yẹ bátìrì wò, yẹ ẹsẹ̀ LED wò, kí o sì yẹ ojú ìsopọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì kọ ohun tí o rí sínú ìwé rẹ.

Ẹ̀yin òbí wa, a kò ní kí ẹ ra ohun olówó ńlá. Ẹ fún ọmọ ní bátìrì, wáyà àti igun kan ní pálọ̀, kí ẹ máa bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti fi irin gbígbóná jó wáyà pọ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún rédíò ṣe kí ó kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí LED rẹ̀ bá sì tàn, kí ó gbé e wá sí kíláàsì kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i.