Eré Jẹ́jẹ́ Ará Ṣáínà Tí Ó Fún Ẹsẹ̀ Ìyá Mi Lókun

Bí ẹnikẹ́ni bá yọjú sí àgbàlá wa ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, yóò rò pé orí èmi àti ìyá mi ti dàrú. A ó tẹ eékún díẹ̀, a ó máa gbé ọwọ́ lọ gbé e bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, a kò sì ní sọ̀rọ̀. Aládùúgbò wa kan tilẹ̀ bi mí pé, "Tíṣà, ṣé òrìṣà tuntun lẹ ń bọ ni?" Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìyá mi tí ó ń ta aṣọ yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á débi pé kò lè dá rìn mọ́. Ẹni tí ó ti ń nájà fún ọgbọ̀n ọdún wá jókòó sílé bí ọjà tí a kò rí tà. Dókítà ní kí n wá eré ìdárayá tí kò le fún un. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa tai chi.

Ìjà ni tai chi ní ìbẹ̀rẹ̀. Abúlé Chenjiagou, ní ìpínlẹ̀ Henan ní ilẹ̀ Ṣáínà, ni ó ti gbilẹ̀; Yang Luchan, tí a bí ní 1799, kọ́ ọ níbẹ̀, ó sì gbé e dé Beijing. Ní 1956, ìjọba Ṣáínà ṣe é ní ìṣísẹ̀ 24 kí ó lè rọ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni qigong, èyí tí a fi èémí àti sùúrù ṣe. Ní 1973, wọ́n rí aṣọ ṣẹ́dà kan nínú ibojì kan nítòsí Changsha, tí a ti dí láti ọdún 168 ṣáájú ìbí Jésù. Àwòrán ènìyàn 44 tí ń ṣe eré ìdárayá ni ó wà lára rẹ̀! Àwọn ẹlẹ́sìn Tao ní tiwọn a tún máa jókòó jẹ́ẹ́, títí ọkàn yóò fi gbàgbé ariwo ayé.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀: ẹ dúró, kí ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó èjìká. Ẹ fi imú mí kanlẹ̀ títí ikùn yóò fi yọ, kí ẹ sì tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan kí ẹ tó ṣí èkejì nílẹ̀. Àṣírí rẹ̀ nìyẹn, nítorí ibi tí ara ti ń kúrò lórí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì ni àgbà ti í ṣubú. Ní 2012, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ròyìn ènìyàn 195 tí wọ́n ní àrùn Parkinson, èyí tí í mú ara gbọ̀n. Àwọn tí wọ́n ṣe tai chi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24 dúró ṣinṣin ju àwọn tí wọ́n ṣe eré ìdárayá mìíràn lọ.

Ní oṣù kẹrin, ìyá mi dá lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n ayọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Láìsọ fún mi, ó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì, ó ní eré náà ti tó. Ìgbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, ni a sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru gidigidi. Èmi ni mo jẹ̀bi, nítorí mo ti yin eré náà bí ẹni pé kò sí àrùn tí kò lè lé lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tai chi kò gba ipò oògùn. Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi àga sí tòsí láti dì mú.

Ní ti aládùúgbò wa, mo sọ fún un pé a kò bọ nǹkan kan. Àdúrà tí a ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ni a ṣì ń gbà. Ó ti ń bá wa ṣe é báyìí. Láàárọ̀ òní, mo jí pẹ́ díẹ̀, mo bá àwọn méjèèjì lágbàlá. Ìyá mi wò mí, ó ní, "Àjàní, o pẹ́ dé kíláàsì."